Ojú Tí Kì Í Rí Ọ̀nà Jíjìn, àti Bí Ọmọ Ènìyàn Ti Ṣe Wá Ìrànlọ́wọ́ fún Un

Ọ̀rọ̀ ojú ni a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ojú inú tí a máa ń wàásù lé lórí, bí kò ṣe ojú gan-an, èyí tí ó wà ní iwájú orí. Kò sí ìjọ tí a ti ṣiṣẹ́ tí a kò ti rí ọmọ báyìí: ọmọ tí ó gbọ́n nílé, tí ó mọ owó ṣírò bí a bá rán an lọ sí ọjà, ṣùgbọ́n tí olùkọ́ ń ránṣẹ́ sí ilé pé olódo ni. Wọ́n fi í jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì nítorí pé ó ga. Kò rí ohun tí wọ́n kọ sí ojú pátákó. Kò sì mọ̀ pé òun kò rí i, nítorí pé bí ayé ti rí lójú rẹ̀ láti kékeré nìyẹn, ó sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí lójú gbogbo ènìyàn. Bí ẹnìkan bá wá sọ pé kí wọ́n ra awò ojú fún un, ìyá rẹ̀ á ní kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ọmọ òun di ẹni tí ń wọ awò ní kékeré, pé awò náà ni yóò ba ojú ọmọ jẹ́ tán. Bàbá rẹ̀ á lọ ra oògùn olómi lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri ní ibùdókọ̀, wọn á sì máa kán an sí i lójú.

A kò fẹ́ bá àwọn òbí wọ̀nyí jà. Ìtàn ni a fẹ́ sọ fún wọn, nítorí pé ó ti lé ní 500 ọdún tí ọmọ ènìyàn ti ń wá ìrànlọ́wọ́ fún irú ojú bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀nà tí wọ́n sì ti gbà pọ̀: òmíràn ṣe rere, òmíràn sì fọ́ ojú tí kì bá tí fọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe ojú náà. Ẹyinjú wa dà bí yàrá kékeré kan tí ó ní fèrèsé ní iwájú. Ìmọ́lẹ̀ ń gba fèrèsé náà wọlé, dígí méjì tí Ẹlẹ́dàá fi síbẹ̀ sì ń kó o jọ. Ọ̀kan ni awọ mímọ́ gaara tí ó bo iwájú ẹyinjú, tí àwọn dókítà ń pè ní kọ́níà. Èkejì wà lẹ́yìn ihò dúdú tí ó wà láàárín ojú. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń da ìmọ́lẹ̀ sí ara ògiri ẹ̀yìn yàrá náà, níbi tí awọ mìíràn wà tí ń gba àwòrán, èyí tí wọ́n ń pè ní rẹ́tínà. Bí yàrá yìí bá gùn jù bí ó ti yẹ lọ, ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá á ti kó jọ kí ó tó dé ara ògiri, àwòrán á sì di bàìbàì. Ohun tí ó wà nítòsí nìkan ni yóò hàn kedere. Gígùn tí à ń sọ yìí kò sì tó nǹkan rárá. Bí ẹyinjú bá fi mìlímítà kan péré gùn jù, ó ti tó kí ẹni náà má lè dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ ní òdìkejì ọ̀nà. Ojú arítòsí ni a ó máa pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ojú arítòsí yàtọ̀ sí ojú àgbà. Ojú àgbà ni ti ẹni tí ó ti lé ní 40 ọdún, tí ó ń na ìwé jìnnà sí ara rẹ̀ kí ó tó lè kà á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a pa méjèèjì pọ̀, nítorí pé ọ̀dọ̀ ojú àgbà ni ìtàn awò ti bẹ̀rẹ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó kan ojú arítòsí.

Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ mọ ojú arítòsí dáadáa. Láti inú èdè wọn ni orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é títí di òní ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pípa ojú dé, nítorí wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán a máa fún ojú pọ̀ kí ó tó lè ríran. Ẹ ti rí irú ìwò bẹ́ẹ̀ rí, ẹ sì lè ti rò pé ẹni náà ń bínú. Kò bínú. Bí ojú bá fún, ìmọ́lẹ̀ tí ń wọlé a dín kù, àwòrán náà a sì mọ́ díẹ̀. Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, kò sí ìrànlọ́wọ́ mìíràn ju èyí lọ.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1306, oníwàásù kan tí ń jẹ́ Giordano, ọmọ ìlú Pisa, dìde láti wàásù ní ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì. Ọmọ ẹgbẹ́ Dóminíkì Mímọ́ ni. Àwọn tí wọ́n bá ti gbé Èkó rí nínú yín mọ ẹgbẹ́ náà ní Yábàá, àwọn tí wọ́n sì ti gbé Ìbàdàn mọ̀ wọ́n ní Sàmọ́ńdà. Giordano sọ fún àwọn ènìyàn pé kò tíì pé 20 ọdún tí wọ́n ti rí ọgbọ́n ṣíṣe awò ojú, pé òun tìkára òun ti rí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é, òun sì ti bá a sọ̀rọ̀. Orúkọ ẹni náà ni kò sọ, ó sì dùn wá títí di òní. Ṣùgbọ́n ìwé ìtàn ilé àwọn Dóminíkì ní Pisa sọ̀rọ̀ nípa arákùnrin kan tí ń jẹ́ Alessandro della Spina, tí ó kú ní ọdún 1313. Ẹnìkan ti ṣe awò kí Alessandro tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ bí a ti ń ṣe é. Alessandro wo awò náà, ó ṣe tirẹ̀, ó sì fi ọgbọ́n rẹ̀ han gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́, pẹ̀lú inú dídùn. Irú ìwà yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nígbà náà, bí ó ti ṣọ̀wọ́n láàárín tiwa.

Àwọn awò ìgbà náà, dígí tí àárín rẹ̀ wú ni wọ́n, fún ojú àgbà. Àwọn àgbà àlùfáà tí kò lè ka ìwé Máàsì mọ́ rí ìrọ̀rùn. Ní ọdún 1352, ní ìlú Treviso, ayàwòrán tí ń jẹ́ Tommaso da Modena ya àwọn ènìyàn pàtàkì nínú ẹgbẹ́ Dóminíkì sí ara ògiri, ó sì fi awò sí imú Kádínà Hugh ti Saint-Cher. Ẹ̀rín ni ó pa wá nígbà tí a kọ́kọ́ kà á, nítorí pé kádínà náà ti kú láti ọdún 1263, kí ẹnikẹ́ni tó ṣe awò ojú. Ayàwòrán yẹn kò lè ro ọ̀mọ̀wé kan tí kò ní awò lójú.

Ṣùgbọ́n awò tí àárín rẹ̀ wú kò ran ojú arítòsí lọ́wọ́. Ṣe ni ó tún ń bà á jẹ́ sí i. Òdìkejì rẹ̀ ni ojú arítòsí nílò: dígí tí àárín rẹ̀ fẹ́lẹ́ tí ó sì jinnú, tí etí rẹ̀ nípọn, tí yóò tú ìmọ́lẹ̀ ká díẹ̀ kí ó tó wọ ojú, kí ó baà lè bá ògiri ẹ̀yìn ní ibi tí ó jìnnà sí. Gígé irú dígí bẹ́ẹ̀ ṣòro. Ó tó 150 ọdún lẹ́yìn awò àkọ́kọ́ kí a tó gbúròó rẹ̀ kedere. Ní ọdún 1458, Kádínà Nicholas ti Cusa kọ ìwé kékeré kan nínú èyí tí ó mẹ́nu kan òkúta dídán tí a lè gé ní oríṣi méjèèjì, èyí tí àárín rẹ̀ wú àti èyí tí ó jinnú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ní oṣù kẹwàá ọdún 1462, Francesco Sforza, olórí ìlú Milan, kọ lẹ́tà sí aṣojú rẹ̀ ní Florence pé kí ó ra dọ́sìnnì awò mẹ́ta ránṣẹ́ sí òun. Dọ́sìnnì kan fún rírí ọ̀nà jíjìn, ìyẹn fún àwọn ọ̀dọ́. Dọ́sìnnì kejì fún rírí ìtòsí, ìyẹn fún àwọn àgbà. Dọ́sìnnì kẹta fún ojú gbogbogbòò. Ó sọ ìdí rẹ̀: kì í ṣe pé òun fẹ́ lò wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí ó yí òun ká ń tọrọ wọn lójoojúmọ́.

Ẹ tún gbọ́ ọ: fún àwọn ọ̀dọ́. Ní ọdún 1462, àwọn ọlọ́jà Florence ti mọ̀ pé ọ̀dọ́ ni ó máa ń nílò awò ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì ń tà á ní dọ́sìnnì. Ìyá tí ó bá sọ fún wa lónìí pé ọmọdé kò gbọdọ̀ wọ awò, ẹ jẹ́ kí a rán an létí lẹ́tà yìí.

Àwọn ènìyàn ńlá náà kò tijú rẹ̀. Póòpù Leo Kẹwàá, tí ó jọba ní ọdún 1513 sí 1521, kì í rí ọ̀nà jíjìn rárá. Bí ó bá lọ sí igbó ọdẹ, dígí rẹ̀ ni ó fi ń wo ẹran. Raphael ya àwòrán rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1518, dígí náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àwòrán tí ó ṣì wà ní Florence. Ní àwọn ọdún 1570, ọ̀rọ̀ náà dé ilẹ̀ Jàpáánì. Bàbá Francisco Cabral, ọmọ Pọtogí, ni olórí àwọn Jésúìtì níbẹ̀, awò sì wà lójú rẹ̀ nítorí ojú arítòsí. Nígbà tí ó lọ kí Oda Nobunaga, ọkùnrin alágbára tí ń ṣàkóso apá ńlá ilẹ̀ náà, ní ìlú Gifu, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé àlejò kan dé tí ó ní ojú mẹ́rin, méjì ní ibi tí ti gbogbo ènìyàn wà, méjì mìíràn tí ń dán bí dígí ní iwájú wọn. Bàbá Luís Fróis, tí ó kọ ìtàn iṣẹ́ ìhìnrere ní Jàpáánì, sọ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n tú jáde láti wò ó. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń pe ẹlẹgbẹ́ wọn ní olójú mẹ́rin ní ilé ẹ̀kọ́ kò mọ̀ pé àwàdà wọn ti pé 450 ọdún, àti pé orí àlùfáà ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé ní gbogbo àkókò yìí, kò sí ẹni tí ó mọ ìdí tí awò fi ń ṣiṣẹ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ ń gé dígí, ẹni tí ó fẹ́ rà á a sì máa gbé ọ̀kan lé imú lẹ́yìn òmíràn títí yóò fi rí èyí tí ó bá ojú rẹ̀ mu. Francesco Maurolico, ọmọ ìlú Messina, tí ó jẹ́ olórí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Bẹnẹdíkì, ti ń ronú nípa rẹ̀ ṣáájú àárín ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kò jáde títí di ọdún 1611, nígbà tí ó ti kú tipẹ́. Johannes Kepler, onímọ̀ ìràwọ̀ tí ojú tirẹ̀ náà kì í rí ọ̀nà jíjìn, ni ó tú iṣu ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀ ìkòkò ní ọdún 1604: ó ṣàlàyé pé ara rẹ́tínà ni àwòrán ń bọ́ sí, àti bí dígí tí ó jinnú ṣe ń tì í dé ibẹ̀. Ní ọdún 1623, ní ìlú Seville ní ilẹ̀ Spéìn, Benito Daza de Valdés tẹ ìwé kan jáde ní èdè tí ará ọjà gbọ́, kì í ṣe ní Látìnì, ó sì fi ìwọ̀n sí awò. Láti ìgbà náà ni ènìyàn ti lè ránṣẹ́ lọ ra awò tí ó bá ojú rẹ̀ mu láti ìlú mìíràn. Nọ́ńbà tí àwọn tí ń yẹ ojú wò ń kọ fún wa lónìí, ibẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Lẹ́ńsì tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú dé lẹ́yìn èyí. Adolf Fick gbìyànjú rẹ̀ ní Zürich ní ọdún 1888, ó kọ́kọ́ fi í sí ojú ehoro, lẹ́yìn náà sí ojú ara rẹ̀. Ní ọdún 1889, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní Kiel ní Jámánì, August Müller, tí ojú rẹ̀ burú gan-an, ṣe tirẹ̀ láti fi wo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n dígí líle ni, kò sì lè fara dà á pẹ́. Ọ̀rọ̀ náà rọ̀ díẹ̀ ní ọdún 1948 nígbà tí Kevin Tuohy ṣe kékeré oníke ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí a fẹ́ kí ẹ rántí ni Otto Wichterle, ọmọ ilẹ̀ Czechoslovakia. Ó ti rí ohun èlò kan tí ń mu omi tí ó sì rọ̀, ṣùgbọ́n ìjọba Kọ́múnísì kò fún iṣẹ́ rẹ̀ ní àtìlẹ́yìn mọ́. Ní àkókò Kérésìmesì ọdún 1961, nínú ilé ara rẹ̀, ó kó ohun ìṣeré irin tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń kọ́ ilé jọ, ó so ẹ̀rọ iná kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn kí ó máa yí, ó sì da ohun èlò náà sínú rẹ̀. Lẹ́ńsì rírọ̀ mẹ́rin ni ó jáde. Láti orí tábìlì yẹn ni lẹ́ńsì tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ń lò ti wá; Amẹ́ríkà fọwọ́ sí títà rẹ̀ ní ọdún 1971. Ó dára fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi omi kànga fọ̀ ọ́, tàbí tí ń sùn pẹ̀lú rẹ̀ láìgba àṣẹ dókítà, ó ń fi ojú rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, nítorí àwọn kòkòrò kan wà nínú omi tí ń jẹ kọ́níà.

Ní báyìí, a dé orí iṣẹ́ abẹ, ibẹ̀ ni a sì fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀, nítorí òun ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń béèrè jù lọ.

Vincenz Fukala, ní ọdún 1890, ń yọ dígí inú ojú kúrò pátápátá fún àwọn tí ojú wọn burú jù. Àwọn kan ríran, àwọn mìíràn sì fọ́jú, nítorí náà àwọn dókítà pa á tì. Ní ilẹ̀ Jàpáánì, láti ìparí àwọn ọdún 1930, Tsutomu Sato ronú pé bí òun bá la kọ́níà díẹ̀díẹ̀, ní iwájú àti ní ẹ̀yìn rẹ̀, yóò tẹ́, àwòrán yóò sì sún dé ibi tí ó yẹ. Ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn bọ́ awò, wọ́n sì dúpẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nígbà náà ni pé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ awọ tí ó wà lẹ́yìn kọ́níà ni ó ń fa omi jáde kúrò nínú rẹ̀ kí ó lè mọ́ gaara, àti pé bí a bá ti pa á lára kì í hù padà. Lẹ́yìn nǹkan bí 20 ọdún, ojú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó sì ń funfun, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Sato kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó yára ju ìmọ̀ ìgbà rẹ̀ lọ ni.

Ní àwọn ọdún 1970, Svyatoslav Fyodorov ní Moscow tún gbé iṣẹ́ náà dìde, ṣùgbọ́n iwájú kọ́níà nìkan ni ó ń là, bí ìtànṣán òòrùn. Nígbà tí ó yá, ó tò àwọn aláìsàn sórí ibùsùn tí ń yípo, dókítà kọ̀ọ̀kan ń ṣe tirẹ̀, ibùsùn a sì kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Iṣẹ́ náà gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1978. Ní ọdún 1994 ni èsì ìwádìí ọlọ́dún mẹ́wàá jáde níbẹ̀: nínú ojú 100 tí a ti là, 43 ni ó ti yí lọ sí òdìkejì, sí ìhà ojú tí kò rí ìtòsí. Kọ́níà tí a là kò dúró sójú kan. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ẹ̀sọ̀ mú ohun tí owó wà nídìí rẹ̀?

Ọ̀nà mìíràn ti ṣí láìpariwo. José Barraquer, ọmọ Spéìn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Bogotá ní ilẹ̀ Kòlóḿbíà, ti ń ronú láti ọdún 1949 pé dípò kí a la kọ́níà, kí a gbẹ́ ẹ bí a ti ń gbẹ́ dígí. Ohun èlò tí yóò gbẹ́ ẹ dáadáa ni kò sí. Ó jáde láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1981, Rangaswamy Srinivasan, ọmọ Íńdíà tí ó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní New York, mú àjẹkù tòlótòló tí wọ́n fi ṣe ọdún ìdúpẹ́ wá sí ibi iṣẹ́, ó sì yin ìmọ́lẹ̀ lésà kan tí ojú kò lè rí sí i. Ó gé ẹran náà láìjó ohun tí ó yí i ká. Ní ọdún 1983, òun àti dókítà ojú kan, Stephen Trokel, fi hàn pé lésà náà lè gbẹ́ kọ́níà ẹran. Ní ọdún 1988, obìnrin ẹni ọdún 62 kan, tí wọ́n ti pinnu láti yọ ojú rẹ̀ kan nítorí àrùn jẹjẹrẹ, sọ fún àwọn dókítà pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ojú náà kọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ojú náà ṣì ń ríran. Marguerite McDonald ni ó lo lésà náà fún un ní Louisiana. Ojú ènìyàn àkọ́kọ́ tí ń ríran tí a fi lésà tún ṣe nìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbádùn rẹ̀ lónìí kò sì mọ̀ pé ẹ̀bùn obìnrin yìí ni.

Ní nǹkan bí ọdún 1990, Ioannis Pallikaris ní erékùṣù Kírétè kọ́kọ́ ṣí ojú awọ kọ́níà bí ẹni ṣí ewé ìwé, ó gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, ó sì dà á padà. Èyí ni wọ́n ń pè ní LASIK, àwọn ẹ̀dà mìíràn sì ti tẹ̀lé e. Fún ojú tí ó burú ju ohun tí lésà lè gbẹ́ lọ, wọ́n ń fi lẹ́ńsì kékeré kan sí inú ojú láìyọ ti Ẹlẹ́dàá. A kò lòdì sí wọn. Ẹni tí ó ti lé ní 18 ọdún dáadáa, tí nọ́ńbà awò rẹ̀ ti dúró sójú kan, tí kọ́níà rẹ̀ nípọn tó, tí kò sì lóyún, lè béèrè lọ́wọ́ dókítà tí ó mọ iṣẹ́. Kí ó mọ̀ pé ojú rẹ̀ lè máa gbẹ fún ìgbà díẹ̀, àti pé bí ó bá di ẹni ọdún 45, òun náà yóò wá awò ìkàwé bíi gbogbo àgbà, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ṣe é kàn ń bọ́ awò tirẹ̀ láti kàwé.

Ṣùgbọ́n kí ó mọ ohun kan tí ó ju èyí lọ. Awò, lẹ́ńsì, lésà, gbogbo wọn ń tún ìríran ṣe. Kò sí ọ̀kan tí ó mú yàrá tí ó gùn jù náà padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí a ti fi lésà ṣe ojú rẹ̀ tí kò wọ awò mọ́, ẹyinjú rẹ̀ ṣì gùn, rẹ́tínà rẹ̀ ṣì nà, ó sì ṣì lè ya kúrò lára ògiri. Nítorí náà ni a ò fi gbà nígbà tí ẹnikẹ́ni bá fọ́ awò rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi àwùjọ ìsọjí pé òun ti gba ìwòsàn. Ọlọ́run lè ṣe é. Ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe é fún, kí ó jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú náà wò, wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa.

Àwọn ọmọdé ńkọ́? Ìbẹ̀rù pé awò ń ba ojú jẹ́, wọ́n ti fi ìwádìí wò ó. Ní ilẹ̀ Malaysia, àwọn dókítà kó ọmọ 94 jọ, wọ́n fún apá kan ní awò tí ó pé, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fún apá kejì ní èyí tí agbára rẹ̀ dín. Ní ọdún 2002 tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde, àwọn tí awò wọn dín ni ojú wọn ń burú kánkán jù. Ní Ṣáínà, ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2014 kó ilé ẹ̀kọ́ 252 pọ̀, ó sì fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní awò lọ́fẹ̀ẹ́ ṣe dáadáa sí i nínú ìṣirò. Olódo kọ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ohun tí ó lè dín gígùn ojú náà kù nígbà tí ọmọ ń dàgbà ni ayé ń wá báyìí. Oògùn ìkánjú tí ń jẹ́ atropine wà, tí wọ́n bù díẹ̀ gan-an: Singapore yìn ín ní ọdún 2012, Hong Kong rí i ní ọdún 2019 pé kí ó pọ̀ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ó dára, Amẹ́ríkà sì wí ní ọdún 2023 pé èyí tí ó kéré jù kò ṣe nǹkankan fún àwọn ọmọ tiwọn. Dókítà ojú ni yóò sọ èyí tí ó tọ́. Kì í ṣe oògùn ibùdókọ̀. Èyí tí kò ná owó ni òòrùn. Ní Guangzhou ní Ṣáínà, wọ́n fi ìṣẹ́jú 40 ní ìta kún ọjọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́fà, wọ́n sì fi mẹ́fà mìíràn sílẹ̀ bí ó ti wà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, èsì tí ó jáde ní ọdún 2015 ni pé nínú àwọn tí ń jáde síta, ìdá 30.4 nínú 100 ni ó di arítòsí; nínú àwọn yòókù, ìdá 39.5. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti ọmọ mọ́lé pẹ̀lú ìwé àti fóònù láti àárọ̀ di alẹ́ nítorí ẹ kò fẹ́ kí ó bá ọmọ àdúgbò ṣeré, ẹ gbọ́.

Ẹ máa yẹ àwọn ọmọ yín wò. Ẹ ní kí ó fi ọwọ́ bo ojú kan, kí ó ka ohun tí a kọ sí kàlẹ́ńdà ìjọ lára ògiri láti òdìkejì yàrá. Lẹ́yìn náà kí ó bo èkejì. Bí kò bá rí i bí àwọn yòókù ti ń rí i, ẹ mú un lọ. National Eye Centre tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1979 wà ní Kàdúná fún àwọn tí ń gbé lápá ibẹ̀. Ilé ìwòsàn ojú ECWA ti ń ṣiṣẹ́ ní Kánò láti àwọn ọdún 1940. Kò sì sí olú ìlú ìpínlẹ̀ tí ẹ kò ní rí ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ láti yẹ ojú wò. Bí ẹni tí ojú rẹ̀ jẹ́ arítòsí gan-an bá ṣàdédé rí ohun tí ń kọ mànà bíi mànàmáná ní etí ojú, tàbí ọ̀pọ̀ ẹ̀ẹ̀rẹ́ dúdú tí ń fò, tàbí bí ẹni pé a fa aṣọ ìkélé bo apá kan ìríran rẹ̀, kí ó má dúró di ọjọ́ kejì, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Bí ẹ bá sì ń lọ, ẹ mú awò tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ dání, bí ó ti wù kí ó ti gbó tó, nítorí láti ara rẹ̀ ni wọn yóò ti mọ bí ojú náà ti ń yí padà.